Ìyàngbò Inú Èso Òkè Òkun

Lánàá, káfíńtà kan ń fá pákó òyìnbó ní Ọjà'ba. Bí òórùn oje igi náà ṣe gbá mi nímú, àgbàlá wa ní Bẹẹrẹ ni mo tún bá ara mi, lọ́sàn-án ọjọ́ ọyẹ́ kan.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti bá òyìnbó kan lọ sókè òkun, ó ń se oúnjẹ fún un. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí ẹ̀gbọ́n mi wá fún Màmá. Aṣọ méjì ló wà nínú rẹ̀, àti èso igi kan tó le bí òkúta, tó ní ìpẹ́ bí ẹja, tí òórùn oje igi yìí kan náà sì wà lára rẹ̀.

"Ó ní kí ẹ gbìn ín, Ìyá," ni ọ̀rẹ́ náà wí. Kò gbójú sókè.

Màmá ká aṣọ náà, ó tú u, ó tún un ká. Ó sá èso náà sóòrùn. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún pà, pà. Ìpẹ́ rẹ̀ là, ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó níyẹ̀ẹ́ bí esunsun sì ń jábọ́.

"Ìyàngbò," ni Màmá wí.

Ó kó wọn sórí atẹ, ó fẹ́ wọn, ọyẹ́ sì gbé wọn lọ sọ́nà Mápó. Mò ń sáré lé wọn, mò ń rẹ́rìn-ín. Ó wá kọ ebè kékeré kan, ó gbin èso líle náà bí ẹni gbin iṣu.

"Màmá, ìgbà wo ni ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀?"

"Bu omi sí i."

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fẹ́ dànù gan-an ni irúgbìn, àti pé alààyè kì í fi àpótí rẹ̀ rán ẹlòmíràn wálé.

Ṣùgbọ́n nígbà náà, àràárọ̀ ni mò ń bomi rin ebè náà. Nígbà tí òjò dé, tí nǹkan kan kò sì hù, Màmá ní kí n má bu omi mọ́.