Ìrun Òjò Tí A Ò Gbàgbé Mọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju ẹnu ìkòkò omi ìyá mi lọ, ọmọ tí kò tíì mọ òǹkà pàápàá mọ ìgbà tí òjò máa ń sinmi ní Ìwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè rò pé àsọdùn àgbà ni. Kò sí àsọdùn níbẹ̀. Tó bá ti di oṣù kẹjọ, òjò á dáwọ́ dúró, atẹ́gùn tútù á máa fẹ́, oòrùn á sì máa yọ níwọ̀nba. Ìyá mi á ní kí a gbé ẹní jáde. A ó da ẹ̀gúsí tí a ti fọ̀ lódò sórí rẹ̀, a ó sá àgbàdo sí ẹ̀gbẹ́ kan, èmi ni wọ́n sì máa ń ní kí n jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀pá kí n máa lé adìyẹ. Mi ò kórìíra iṣẹ́ kankan tó iṣẹ́ yẹn, nítorí pé adìyẹ ilé wa kì í gbọ́ ìkìlọ̀.

Bàbá mi máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú láàárọ̀, lẹ́yìn náà ló máa ń lọ sóko. Oko rẹ̀ wà lọ́nà Kúta, ilẹ̀ dúdú kan tó rọ̀ dáadáa. Ilẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ẹ fi í sọ́kàn, nítorí pé òun ni èmi àti ọmọ mi ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́ lọ́dún yìí, bóyá kó máa jẹ́ oko nìṣó ni, àbí kí wọ́n fi kọ́lé. Bàbá mi kì í gbin ẹ̀wà síbẹ̀ àfi tí òjò bá ti sinmi tán. Ó máa ń sọ fún wa pé ìsinmi yẹn ni òjò fi ń gbára jọ fún àrọ̀kúrò, ìyẹn òjò ìgbẹ̀yìn tí ẹ̀wà àti àgbàdo kejì ń jẹ. Tí àrọ̀kúrò bá ti dé nínú oṣù kẹsàn-án, gbogbo ilé á kọrí sóko. A ò wo kàlẹ́ńdà, a ò sì bi ẹnikẹ́ni. Mo rò pé bí ayé ṣe wà nìyẹn, pé òjò mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí bàbá mi ṣe mọ tirẹ̀.

Ọdún kan wá dé tí ìsinmi náà gùn jù. Oṣù kẹjọ parí, oṣù kẹsàn-án wọlé, òun náà ń lọ sópin, omi ò kán. Ẹ̀gúsí gbẹ, wọ́n ti kó o, ẹní ṣì wà níta. Omi kànga lọ sílẹ̀ débi tí ìyá mi fi so okùn mìíràn mọ́ okùn tí a ní. Àwọn bàbá tí wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ wá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, lémọ́ọ̀mù àdúgbò wa ní ìrun kan wà tí wọ́n máa ń kí tí òjò bá kọ̀, pé òun kà á nínú ìwé nígbà tí òun wà ní ilé kéwú, ṣùgbọ́n òun ò rí i kí wọ́n ṣe é rí. Bàbá mi náà ò rí i rí. Wọ́n wá ẹni tó rí i rí kiri àdúgbò títí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí.

Bàbá arúgbó kan ni, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ẹní ló ń hun nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì ń ríran; nígbà tí èmi fi máa mọ̀ ọ́n, ojú ti fọ́, ẹnu ọ̀nà ló máa ń jókòó sí. Ohùn ló fi ń dá wa mọ̀, ó sì máa ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wa pọ̀ ju ọjọ́ orí wa lọ. Wọ́n fà á lọ́wọ́ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ní ìgbà tí òun wà lọ́mọdé ni wọ́n ṣe é. Ó ní kí ẹni tó bá ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà kọ́kọ́ lọ parí ìjà, kí wọ́n ṣe sàráà, kí wọ́n wọ aṣọ àtijọ́, kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ sí yídì. Kí wọ́n kó ewúrẹ́ lọ, kí wọ́n sì ya àwọn ọmọ wọn sọ́tọ̀ kí wọ́n lè máa ké. Lẹ́yìn ìrun, kí àwọn ọkùnrin bọ́ agbádá wọn, kí wọ́n yí inú rẹ̀ síta, kí wọ́n tún un wọ̀, bí ẹni ń sọ fún Ọlọ́hun pé bí a ṣe yí aṣọ wa padà yìí, kí Ó bá wa yí ọ̀rọ̀ wa padà.

Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í kí ara wọn nítorí ààlà oko, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí bàbá mi tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyá mi ń sunkún. Mo tiẹ̀ rò pé ẹnì kan ló kú.

Ní yídì, ẹ̀yìn ni àwa obìnrin àti ọmọdé wà. Àwọn ewúrẹ́ ń ké, àwọn ọmọ wọn ń dá wọn lóhùn. Nígbà tó kan kí àwọn ọkùnrin yí agbádá, wọn ò mọ ibi tí wọ́n á ti mú un. Ọrùn agbádá há ẹlòmíràn lórí, ẹlòmíràn sì ń ti ọwọ́ òsì bọ apá ọ̀tún. Ẹ̀rín fẹ́ pa àwa ọmọdé, ìyá mi fà mí létí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rí inú agbádá bàbá mi. Àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀ ni, gbogbo ibi tí ìyá mi ti fi abẹ́rẹ́ tún un ṣe tí kò hàn síta. Gbogbo ọkùnrin tí mo máa ń bẹ̀rù lójú pópó ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àbùlẹ̀ tí ìyàwó wọn fi abẹ́rẹ́ rán níta gbangba, tí wọ́n ń tọrọ àforíjì. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ẹ̀rù bà mí.

Òjò ò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó dé, ṣùgbọ́n nígbà tó dé, kò lọ mọ́ títí ẹ̀wà fi gbó. Wọ́n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá arúgbó náà, wọ́n ní ọpẹ́lọpẹ́ rẹ̀ tí kò gbàgbé. Ó gbọ́ wọn tán, ó ní, "Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ẹ̀yin gbàgbé rẹ̀. Kó pẹ́ títí débi pé ẹ ò ní rẹ́ni bi mọ́." Gbogbo wọn ní àmín.

Àmín yẹn sì gbà fún ìgbà pípẹ́. Mo dàgbà, mo lọ sílé ọkọ, mo bímọ. Bàbá mi kú, ilẹ̀ ọ̀nà Kúta bọ́ sí mi lọ́wọ́, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ò fẹ́ iṣẹ́ oko. Ọdún tó dáa wà, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dáa náà wà, ṣùgbọ́n òjò ń sinmi, ó sì ń padà. Mi ò tún gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ìrun òjò. Àwọn ọmọ mi dàgbà láìmọ̀ pé irú rẹ̀ wà.

Mi ò lè sọ ọdún pàtó tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé òjò ò sinmi mọ́. Ó ń rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ dé ìparí rẹ̀, ẹ̀gúsí ń hù lórí ẹní, àgbàdo ń jẹrà nínú ilé. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn ọdún mìíràn dé tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù keje, tó sì kọ̀ tí kò parí. Ni wọ́n bá tún kí ìrun òjò. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn bí ìyá mi ṣe sunkún. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n tún kí i. Ọdún kan fò ó, wọ́n tún padà sí i. Ní báyìí, àwọn ọmọ-ọmọ mi mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ Fátíà. Tí oṣù kẹjọ bá ti ń parí lọ, wọ́n á bi mí pé ọjọ́ wo ni ìrun òjò bọ́ sí lọ́dún yìí, bí ẹni ń bèèrè ọjọ́ Iléyá.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé orí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Àwọn tó ń kọ́lé fún àwọn ọmọ yunifásítì ti ń kọ́ ọ bọ̀ lọ́nà ibẹ̀. Àkọ́bí mi ọkùnrin, òṣìṣẹ́ ìjọba ní Òṣogbo, ọmọ dáadáa tí kì í gbàgbé mi, ní kí n jọ̀wọ́ oko yẹn, pé mo ti kọjá ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sóko. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní àrọ̀kúrò ọdún yìí nìkan. Tí ẹ̀wà bá ṣe, kó má dárúkọ ilé sí mi létí mọ́ títí n ó fi kú. Tí kò bá ṣe, kó ṣe bó ṣe fẹ́. Ó gbà. Ó mọ̀ pé mo mọ ìgbà tí wọ́n ń gbìn. Àwọn àgbẹ̀ Ilé-Ogbó pàápàá máa ń ránṣẹ́ wá bi mí kí wọ́n tó kó irúgbìn jáde.

Láti oṣù keje ni òjò ti lọ. Nígbà tí oṣù kẹjọ ń parí, ọmọ mi wá kí mi, ó yọ fóònù. Ó ní àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ní àkọsílẹ̀ òjò àti ooru láti ọdún gbọọrọ, pé wọ́n ti fi ìparí oṣù kẹjọ tiwa wé e, ó gbẹ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi ìlà kan hàn mí tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó gbé e kúrò lójú mi, pé ṣé ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ ilẹ̀ gbígbóná ni kò sọ fún mi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán, mo rò ó. Àkọsílẹ̀ tèmi ò ju ìrun yẹn lọ: ẹ̀ẹ̀kan nígbà èwe bàbá arúgbó, ẹ̀ẹ̀kan nígbà èwe mi, àti báyìí tó fẹ́ẹ̀ di ọdọọdún. Ohun kan náà ni èmi àti fóònù ń sọ.

Nígbà tí oṣù kẹsàn-án wọlé, òjò ńlá kan rọ̀. Ó kún gọ́tà, ó wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn. Mo jáde, mo gbóòórùn ilẹ̀, inú mi dùn bí ọmọdé. Mo ní àrọ̀kúrò dé. Mo gbìn, mo sì sọ fún àwọn tó ń bi mí pé kí wọ́n gbìn. Ẹ̀wà hù, ó dúdú minimini. Òjò ò sì padà wá.

A kí ìrun òjò. Ọmọ mi wá láti Òṣogbo kó lè bá mi ṣe é, mo sì mọ̀ pé nítorí mi ló ṣe wá. Agbádá tuntun ló wọ̀. Nígbà tó kan yíyí, gbogbo sáfù, ìlà tí wọ́n tò sí, yí i lẹ́ẹ̀kan náà, wéré, kò sí ẹni tí ọrùn aṣọ há lórí. Mo wo ọmọ mi, mo rí i pé inú agbádá rẹ̀ dára bí ìta rẹ̀. Aṣọ mìíràn ni wọ́n fi tẹ́ ẹ nínú, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ ọrùn sí i lọ́nà méjèèjì. Nígbà tí a dé ilé, mo bi í. Ó ní télọ̀ kan ló ń rán an bẹ́ẹ̀ nítorí ìrun òjò, kójú má baà ti èèyàn láwùjọ, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti rán an. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Inú bí mi. Aṣọ tí kò ní òdì, kí ni a fẹ́ ní kí Ọlọ́hun bá wa yí padà níbẹ̀?

Oṣù kẹwàá ni ẹ̀wà náà yẹ kó so. Ewé rẹ̀ ká kò, òdòdó rẹ̀ já sílẹ̀, èyí tó gbìyànjú láti so kò ní ọmọ nínú. Obìnrin kan láti Ilé-Ogbó, tó gbìn nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi, wá kí mi. Ó kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun. A ti fà á tu fún ewúrẹ́." Kò bínú. Ì bá sàn kó bú mi.

Lẹ́yìn tó lọ, mo pe ọmọ mi, mo ní kó máa gbé ilẹ̀ náà lọ. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká dúró wo tọdún tó ń bọ̀. Àkọsílẹ̀ yẹn fi hàn pé ọdún tó burú ti wà rí, tí nǹkan sì tún padà bọ̀ sípò."

"Ṣé ó sọ ọjọ́ tí màá gbin ẹ̀wà?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, Ìyá."

"Kí wá ni màá dúró wò?"

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń fa imú. Òun tó ti ń bẹ̀ mí láti ọjọ́ yìí wá ni kò fẹ́ gbà á mọ́.

Wọ́n ti já búlọ́ọ̀kù síbẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin ọmọ mi, mi ò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá oṣù kẹjọ bó ṣe rí yìí ò lè mọ̀ pé ohun kan sọnù, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Nígbà èwe mi, èèyàn máa ń bi àgbà léèrè nítorí pé ó ti rí ọdún púpọ̀, àwọn ọdún náà sì jọra. Èyí tí èmi rí kò jọ èyí tó ń bọ̀, kí ni ẹ fẹ́ bi mí? Bàbá mi fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sì kọ́ mi ní ìgbà tí wọ́n ń gbìn. Ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè gun kẹ̀kẹ́ lọ wò ó. Ìgbà tó kọ́ mi yẹn ni mo wá tì.