Àyè Kẹjọ Lára Ògiri

Ẹni tó bá ní kẹ́mísírì le kò tíì jókòó ní kíláàsì Màsúdát. Olùkọ́ ni ní ilé ìwé kan ní àdúgbò Basin, kì í sì í pe orúkọ ọmọ kankan láàárọ̀. Ó ya àtẹ èròjà gàgàrà, periodic table, sára ògiri, ó pín àwọn èròjà náà fún àwọn ọmọ bí ẹni ń pín sàárà, ó sì lẹ orúkọ kálukú mọ́ àyè tirẹ̀. Èròjà ló máa ń pè, ọmọ á sì jẹ́. “Ohunkóhun tó bá wúwo tó sì gba àyè,” á ní, “átọ̀mù ló kóra jọ dà á. Iyọ̀ o, ògiri o, ẹ̀yin náà o.”

Àwọn ìbejì kan ló fi ṣe haidirójìn. Hidayat, ọmọ tó fi inú ara rẹ̀ bí, ló gba ọ́síjìn, àyè kẹjọ. Bó bá fẹ́ ṣàlàyé omi, Hidayat á bọ́ sáàárín àwọn ìbejì, wọ́n á dì í lọ́wọ́ mú lọ́tùn-ún lósì, kíláàsì á pariwo, “Omi!” Hidayat ò sì ní jẹ́ kí etí ẹnikẹ́ni sinmi. “Ẹ máa ṣe mí jẹ́jẹ́ o. Bí mi ò bá sí, ta ló máa mí nínú yín?” Ìyá rẹ̀ á fojú bá a wí, á sì tún rẹ́rìn-ín.

Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé Hidayat bọ̀ láti Tanke ló dojú dé nínú òjò. Wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tó ń ya Màsúdát lẹ́nu ni pé òun ṣì ń mí. Èémí náà ń bí i nínú gan-an.

Kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ọmọ ti yọ orúkọ Hidayat lára ògiri kí ó má baà rí i. Àánú ló ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n Títílayọ̀, ọmọ tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀mù-Àrán, kò mọ nǹkan kan. Àyè tó ṣófo láàárín ló rí, ó sì mú un.

Màsúdát bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Kábọ̀nù jẹ́. Náítírójìn jẹ́. Kó tó rántí, ẹnu rẹ̀ ti pe ọ́síjìn.

“Present, ma!”

Títílayọ̀ ló dìde tẹ̀ríntẹ̀rín. Màsúdát di tábìlì mú. Nígbà tó yá, ó kọ orúkọ ọmọ náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ síńkì, àyè tó kàn lẹ́yìn ibi tí orúkọ àwọn yòókù parí sí.

“Ẹ jọ̀ọ́, ma, kí ni mo ṣe?”

“O ò ṣẹ̀ mí, ọmọ mi.”

“Àyè kẹjọ wá ńkọ́, ma? Wọ́n ní ẹ kọ́ àwọn pé ẹni tó kọ́kọ́ to àtẹ yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo, torí ó mọ̀ pé ohun tó máa gbà á ń bọ̀.”

Òótọ́ ni, òun ló kọ́ wọn. Ìdùnnú ló fi kọ́ wọn.

“Ìyẹn, ti ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì rí ni,” ni Màsúdát wí, omijé ń bọ́ sára hìjáàbù rẹ̀. “Èmi ti rí tèmi.”

Àwọn ìbejì ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.