Ọsàn Ìyá Ràfátù àti Gbólóhùn Àbọ̀

Nígbà tí mo dé Igolo, lápá ilẹ̀ Faransé ní bodè, lọ́jọ́ Sátidé yẹn, ọsàn Ìyá Ràfátù ti ń làágùn nínú àpò. Láti Banigbé ló ti kó wọn wá sẹ́bàá ọ̀nà, ó fi ọ̀rá bò wọ́n, òjò sì ń ṣú bọ̀ láti ìhà Nàìjíríà. Òun fúnra rẹ̀ jókòó lórí àpò kan, ó tẹjú mọ́ pọ́tábù, fóònù ọwọ́ rẹ̀.

"Púrọ́ọ̀fù, Àlàájà ò rán ọkọ̀ akẹ́rù báṣè rẹ̀ wá o. Bí òjò yìí bá pa ọsàn mi, ó parí!"

Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ifangni, láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Lọ́sàn-án Sátidé, àwọn oníṣòwò Igolo ni mò ń kọ́. Yorùbá kan náà ni Ìyá Ràfátù àti Àlàájà, oníbàárà rẹ̀ ní Ìdírókò, jọ ń sọ, ṣùgbọ́n ìwé ló yà wọ́n: Faransé ni wọ́n fi na ọ̀kan níléèwé, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi na èkejì. Ìpè sì máa ń já ní bodè bí òwú tó ti gbó. Kò sì sí èyí tó kọ́ bí a ti ń kọ Yorùbá sílẹ̀ nínú wọn; mèsáàjì Gẹ̀ẹ́sì ló kù.

Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti gbólóhùn àbọ̀, ìyẹn gbólóhùn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò pé. Bí àwọn olùkọ́ tèmi bá rí i, bírò pupa ni wọ́n fi ń bẹ́ ẹ lórí. Èmi kì í bẹ́ gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi ọ́ pé, "Níbo lò ń lọ?", tí o ní "Ọjà", ta ló ń wá ìyókù? Bẹ́ẹ̀ náà ni ti pátákó ẹnu ṣọ́ọ̀bù, àkọlé ìwé àti mèsáàjì kánjúkánjú. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ "Nítorí pé òjò" sínú lẹ́tà, tí o sì dánu dúró síbẹ̀, o pe èèyàn wá jẹun nìyẹn, o wá gbé àwo sá lọ.

"Bọ̀n, mo gbọ́," ni Ìyá Ràfátù máa ń wí ní kíláàsì. "Ṣùgbọ́n ṣé àgbà la ó máa kọ ọ̀rọ̀ gígé sí, bí ẹni ń lé ewúrẹ́? Èmi ò ṣe o."

Mo gba pọ́tábù lọ́wọ́ rẹ̀. Háà! Ó ti kí Àlàájà kú àárọ̀, ó béèrè ọkọ, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ìyá ọkọ àti ẹsẹ̀ tó ń dun ún. Gbogbo gbólóhùn ló pé pérépéré, èmi olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ pàtẹ́wọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá ni ọsàn wà. Ó dájú pé Àlàájà ń tajà lọ́wọ́, kò ráyè ṣí i. Ìlà àkọ́kọ́ tó hàn lójú fóònù ló kà, ó rò pé ìkíni lásán ni. Ó ṣe àmín, ó kí i padà. Ìyá Ràfátù tún kí i. Wọ́n ti ń kí ara wọn bọ̀ láti àárọ̀, ọsàn ń gbóná.

"Ìyá, ẹ gé e."

"Láìkí i?"

"Láìkí i. Ṣé ọsàn lẹ fẹ́ tà ni, àbí àdúrà?"

Ó wò mí bíi pé mo ní kó bọ́ ìbòrí rẹ̀ ní gbangba. Àrá sán. Ó wá fi ìka kan tẹ̀ ẹ́: "Oranges ready. Igolo. Now." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọsàn ti wà nílẹ̀, Igolo, kíákíá. Ó dijú kó tó fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí báṣè sọdá bodè. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló jókòó níwájú, ìbòrí rẹ̀ ti yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa.

"Ìyá Ràfátù! Kí ni mo fi ṣe ọ́? Àbí ta ló kú?"

"Ẹnikẹ́ni ò kú, Àlàájà. Ọsàn ni."

"Nítorí ọsàn lo ò ṣe kí mi? Mo ti ń sunkún bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù!"

Ìyá Ràfátù kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ó bẹ̀rẹ̀ ìkíni látorí ọkọ, ó ń bọ̀ wá sórí ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá ọkọ, kò fo ẹnì kankan. Àlàájà ń dáhùn, ó ń nu ojú, ó sì ń nawọ́ sí àwọn alábàárù pé kí wọ́n máa kó ọsàn. Bí àpò tó kẹ́yìn ti wọ báṣè, òjò dé.

"Ìyá, ẹ dìde, òjò ti dé!" ni mo pariwo.

Kò dìde. "Púrọ́ọ̀fù, gbólóhùn àbọ̀ yín ṣiṣẹ́ o," ó ní. "Ẹ jẹ́ n parí ìyókù rẹ̀ ná."