Kọ́ọ̀sì Méjì Tí Delpha Fi Sílẹ̀

Ẹ má bá mi wí tí ohùn mi bá lọ sókè, torí ọ̀rọ̀ Delpha Maggard ṣì ń bí mi nínú. Ilé wa kọjú síra wọn lórí òkè Kentucky, ní Amẹ́ríkà níbí. Èmi ni mo ń se oúnjẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nísàlẹ̀ òkè, ibẹ̀ náà ni Delpha ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni ogójì ọdún ni. Owó ìrànwọ́ ìjọba ló fi ń kàwé. Bí wọ́n bá dá a dúró, ó parí nìyẹn, ó di kó padà sílé epo tó ti ń ta epo látìgbà ọmọge.

Owó yẹn ní òfin tiẹ̀ o. Máàkì rẹ gbọ́dọ̀ dáa, o sì gbọ́dọ̀ parí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo kọ́ọ̀sì tí o bá bẹ̀rẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀. Èkejì, wọn kì í kà á sí.

Nígbà òtútù, eruku èédú tí Orbin bàbá Delpha fà símú nínú kòtò ìwakùsà látìgbà èwe wá dá a dùbúlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Delpha ló ń fi mọ́tò gbé e lọ sọ́síbítù, ọjọ́ ọ̀hún gan-an sì ni kẹ́místìrì àti ìṣirò. Ó wá bá mi ní kíṣìnì.

"Àǹtí, mo ti fi méjèèjì sílẹ̀. Dípò kí n féèlì, mo kúkú yọ orúkọ mi. Kò ní ba máàkì mi jẹ́."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Gbogbo kíláàsì wa."

"Ṣé kíláàsì yín ló ń fún ẹ lówó ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀wà, ó mú búrẹ́dì àgbàdo, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí sáà parí, máàkì rẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n wọ́n dá owó dúró. Wọ́n ka méjì tó fi sílẹ̀ mọ́ èyí tó bẹ̀rẹ̀, èyí tó parí kò wá tó ìdá méjì nínú mẹ́ta mọ́. Wọ́n ní kó wá ṣàlàyé níwájú ìgbìmọ̀; bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á fún un ní sáà kan sí i.

Àlàyé kẹ̀? Lórí òkè wa, a kì í kó ìṣòro ilé lọ sójú àlejò. Kéèyàn máa ròyìn àìsàn bàbá ẹ̀ kó tó rówó gbà, agbe nìyẹn lójú wa.

"Màá ní mi ò ṣe dáadáa tó ni," Delpha wí.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì ò gbọdọ̀ gbọ́. Tí wọ́n bá mọ̀ pé àwọn ló fà á, wọn ò ní wọ mọ́tò mi mọ́."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo lọ sọ fún bàbá. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn béèrè pé, "Ọjọ́ wo ni?" Èmi ni mo gbé wọn lọ.

A dé ẹnu ọ̀nà, a ń gbọ́ obìnrin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń bẹ Delpha: "Arábìnrin, ṣé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ni? Ẹ̀rí la nílò."

"Kò sí, mà."

Orbin ṣílẹ̀kùn wọlé. Wọ́n ń wọ́ ìgò ọ́síjìn onítáyà tí wọ́n fi ń mí tẹ̀ lé ara wọn lẹ́yìn, rọ́bà rẹ̀ wà nímú wọn.

"Dádì! Ta ló mú yín wá?"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, ọmọ yìí." Ọkùnrin tí kì í sọ ibi tó ń dùn ún fún dókítà pàápàá ṣí fìlà. Ó ti ìgò náà síwájú ìgbìmọ̀. "Ẹ̀rí lẹ ní ẹ fẹ́. Òun rèé. Èmi àti ẹ̀ ni ọmọ yìí ń gbé kiri dípò kó lọ kàwé." Ó mí, ó tún mí. "Ẹ má fìyà tèmi jẹ ẹ́."

Ojú tì mí fún un. Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n fún Delpha ní sáà kan. Ó bínú sí mi, mo sì ní kó máa bínú lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde, ó bá bàbá rẹ̀ lójú títì, nínú bọ́ọ̀sì ṣọ́ọ̀ṣì tó ń kó aláìsàn lọ sọ́síbítù.

"Dádì, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbé yín."

"Lọ síléèwé," Orbin wí láti ojú fèrèsé. "Mo ti sọ̀rọ̀ ara mi fún àlejò lẹ́ẹ̀kan nítorí ẹ. Má jẹ̀ẹ́ kí n tún un sọ."