Ọkọ̀ Tí Jìbírílù Kò Wọ̀

Gbùdù-gbùdù-gbùdù. Bí ẹ̀rọ ọkọ̀ bàbá Jìbírílù ṣe máa ń dún lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ nìyẹn, nígbà tí Jìbírílù wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Ìró náà á kọ́kọ́ jọ ti kòkòrò tó há sínú igbá, á sì máa le sí i díẹ̀díẹ̀, títí ìyá rẹ̀ á fi dìde nídìí ẹja tó ń yan, tí á gbé omi ẹ̀bà kaná. Ìyá kì í wo aago. Bí omi bá ti ń hó, bàbá ti ń so ọkọ̀ mọ́ òpó nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, ìyá gbọ́ ìró náà, ó gbé omi kaná, ìró náà sì dákẹ́ lójú ọ̀nà. Omi hó. Omi gbẹ. Ìdí ìkòkò dúdú. Ẹnikẹ́ni ò wọlé.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ti gorí ọ̀rọ̀ yìí. Jìbírílù ti di bàbá ọlọ́mọ méjì ní Chicago, iṣẹ́ kó máa tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ló ń ṣe. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó dìde lórí ìjókòó láìjẹ́ kí ojú tì í. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fún ẹni tí kò fẹ́ jẹun lóúnjẹ. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe láyé: kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Fàdìlàt, àkọ́bí rẹ̀, jáde ní high school, tí gbogbo ilé wọ ọkọ̀ afẹ́ lórí odò tó gba àárín ìlú kọjá, Jìbírílù ní òun á dúró létí odò bá wọn ṣọ́ báàgì. Báàgì méjì péré ni. Sìmíátù ìyàwó rẹ̀, nọ́ọ̀sì ní Evanston, wò ó, ó sì tẹ̀lé àwọn ọmọ wọ ọkọ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n rán an lọ sílé Marvin ní Chatham. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni Marvin, ènìyàn dúdú ọmọ bíbí South Side. Ó wa bọ́ọ̀sì ìlú fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ti kú, Michelle ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ń gbé ní Aurora. Àìsàn kan ń jẹ ojú rẹ̀ láti àárín bọ̀ wá sétí; ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ló fi ń ríran.

“Mò ń rí etí rẹ méjèèjì,” ló sọ fún Jìbírílù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. “Imú rẹ ni mi ò rí. Bí mo bá fẹ́ rí imú rẹ, àfi kí n wo ògiri.”

“Ẹ má ṣèyọnu, Baba. Kò sóhun tí ẹ pàdánù. Imú náà ò dáa.”

Marvin rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ṣe àdéhùn. Bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá lù, Marvin á mu wisikí, ife kékeré kan, kì í lé. Jìbírílù ní Mùsùlùmí lòun, gbogbo iṣẹ́ ilé lòun á ṣe, ṣùgbọ́n òun ò ní fọwọ́ kan ìgò yẹn, òun ò sì ní fọ ife rẹ̀. Marvin ní, “Ife mi, ọwọ́ mi.” Láti ọjọ́ náà, fúnra rẹ̀ ló ń fọ ife náà, á fi àtàǹpàkò yí etí rẹ̀ ká láti mọ̀ bóyá ó mọ́, á sì dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Fáìlì búlúù kan wà lórí tábìlì ilé ìdáná. Ètò ìrìn-àjò tí Marvin àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ rìn nígbà tó bá fẹ̀yìn tì ló wà nínú rẹ̀: wọ́n fẹ́ lọ sí àwọn erékùsù Scotland, kí wọ́n máa ti ilé ìpọntí kan bọ́ sí òmíràn, kí wọ́n rí ibi tí wisikí tí wọ́n ń mu ti ń wá. Àìsàn mú ìyàwó lọ, fáìlì wà níbẹ̀. Nígbà tó wá di òjò dídì ọdún tó kọjá, dókítà sọ fún Marvin pé kó tó di ọdún mìíràn, etí ayé tó ń rí yìí náà á pa dé. Ọjọ́ kejì ló ṣí fáìlì náà.

“Mo fẹ́ rí erékùsù yẹn kó máa jáde látinú omi,” ni Marvin wí. “Ẹ̀gbẹ́ ojú ni mo máa fi rí i. Ẹ̀gbẹ́ ojú náà tó.”

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣètò. Jìbírílù á máa ka fóònù, Marvin á máa fi máákà dúdú kọ lẹ́tà ńlá-ńlá sórí ìwé. Bí ẹni ń ṣètò ọ̀nà bọ́ọ̀sì ló ṣe ń ṣe é: ibi tí wọ́n ti máa gbéra, ibi tí wọ́n ti máa dúró, ìṣẹ́jú mélòó ni ìsinmi.

“Stop kìíní?”

“Laphroaig,” ni Jìbírílù dáhùn, ahọ́n rẹ̀ ń kọsẹ̀.

“Stop kejì?”

“Lagavulin. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ìkẹta ni Ardbeg. Ojú ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn wà.”

“O ò mu ún rí, o sì ti mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ń tà á lọ!”

Òótọ́ ni. Jìbírílù ti mọ ilé ìpọntí tó ń ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Àìkú àti èyí tí kì í ṣí. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ dúdú kan wà ní Islay, erékùsù tí Marvin fẹ́ lọ, tí wọ́n ń gé bí búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n ń sá gbẹ, tí wọ́n ń fi dáná; èéfín rẹ̀ ni wọ́n fi ń yan ọkà tí wọ́n máa fi pọn ọtí. Lọ́jọ́ kan, Marvin ṣí ìgò, ó nà án sí i.

“Gbọ́ òórùn ẹ̀. Òórùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.”

Jìbírílù tẹ orí wálẹ̀. Ahéré ìyá rẹ̀ ló gbọ́: ẹja lórí àtẹ, èéfín, omi iyọ̀. Ó yára lọ dúró lójú fèrèsé bíi pé ó ń wo òjò dídì. Kò sọ ohun tó gbọ́ fún Marvin.

Ní ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, Marvin ju máákà sórí tábìlì.

“Ìwọ lo máa wakọ̀ fún mi. Ta ló tún dáa ju Mùsùlùmí lọ láti wakọ̀ fún èèyàn ní erékùsù ọlọ́tí? Kò ní mu, kò ní bẹ̀bẹ̀, kò sì ní sọ pé kí n fún òun ní díẹ̀ tọ́ wò!”

Jìbírílù náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ètò náà ná, Baba.”

Lẹ́nu ọmọ Ẹ̀pẹ́, rárá nìyẹn. Wọn kì í ju rárá sójú àgbà. Wọ́n á rọra gbé e sábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àgbà fúnra rẹ̀ á sì ṣí i wò. Ṣùgbọ́n Marvin kì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́.

Nílé, Sìmíátù gbọ́, ó fi aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

“Bàbá Fàdìlàt, ẹ̀yin! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣọ́ báàgì létí odò, ẹ fẹ́ gun ferry wákàtí méjì lórí òkun?”

“Mi ò sọ pé mo máa lọ.”

“Ẹ ò sì sọ pé ẹ ò ní lọ. Ẹ sọ fún un. Ẹ ní omi ń bà yín lẹ́rù, ó parí.”

“Ọkùnrin àádọ́ta ọdún?”

“Àádọ́ta ọdún ò ní kí omi má jinlẹ̀.”

“Bàbá yẹn ò lè lọ, Sìmí. Ètò yẹn ni ìrìn-àjò ẹ̀. Ìyẹn ló ń gbádùn.”

“Ẹ máa tan ara yín lọ,” ni Sìmíátù wí, ó sì mú aṣọ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kejì ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Aago mẹ́rin ti lù, Marvin ti bu wisikí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó fẹ́ ṣìkẹ́ ọmọ.

“Jókòó. Michelle ti ra ticket. Méjì. Oṣù karùn-ún. Ó ti gba àyè fún mọ́tò nínú ferry. Mo ní kó kọ̀wé sí gbogbo ilé ìpọntí yẹn pé ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ tí kì í mutí, ṣé ibi wà tó lè jókòó, ṣé ibi wà tó lè kírun. Mẹ́ta ti dáhùn. Wọ́n ní kó máa bọ̀. Oúnjẹ halal wà ní Glasgow, mo ti kọ àdírẹ́sì ẹ̀ sílẹ̀.” Ó gbé ife sókè, kò tíì mu ún. “Kí lo rí sí i?”

Jìbírílù rí ọ̀sà. Ó gbọ́ gbùdù-gbùdù, ó gbọ́ ibi tó ti dákẹ́. Òtítọ́ wà lẹ́nu rẹ̀, kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ: mò ń bẹ̀rù omi. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé ẹni tó bá kọ nǹkan nítorí Ọlọ́run, wọ́n á bọ̀wọ̀ fún un. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ nítorí ìbẹ̀rù, ọmọdé á fi í rẹ́rìn-ín. Ló bá mú èyí tó níyì.

“Baba, mi ò lè lọ. Ẹ̀sìn mi ò gbà á. Mi ò lè wọ ilé ìpọntí.”

Marvin yí ojú sí ògiri, Jìbírílù sì mọ̀ pé òun gan-an ni bàbá ń gbìyànjú láti rí.

“Látọjọ́ yìí wá,” ni Marvin wí, “bó o ṣe ń jókòó síwájú mi láago mẹ́rin, ẹ̀ṣẹ̀ ni?”

“Rárá o, Baba. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ìgò tí mo fi sí ọ nímú ńkọ́?”

“Baba, ẹ jọ̀ọ́…”

“O ò bá ti sọ fún mi.” Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó dìde, ó táràrà rí ìgò náà, ó tú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú sínkì. Èéfín ahéré kún ilé ìdáná. “Nínú ilé mi, ẹnì kankan ò ní jókòó ti ohun tí Ọlọ́run ẹ̀ kọ̀. Má bínú, sir.”

Kò pè é ní sir rí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yẹn wá sẹ́nu Jìbírílù lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e mì.

Láti ọjọ́ náà, aago mẹ́rin kàn ń kọjá lọ ni. Fáìlì kúrò lórí tábìlì. Bí Jìbírílù bá gbé tíì fún un, Marvin á ní, “O ṣeun, sir.” Bó bá wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, “O ṣeun, sir.” Bí àkókò ìrun bá tó, Marvin á pa rédíò, á sì jókòó jẹ́jẹ́ títí ó fi parí. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì tutù bí irin ẹnu ọ̀nà lóṣù kìíní. Michelle wá ẹlòmíràn tó lè bá bàbá rẹ̀ lọ, kò rí. Òun fúnra rẹ̀ ò rí ìsinmi gbà níbi iṣẹ́. Oṣù karùn-ún wọlé, ó jáde.

Kí ewé igi tó máa já lójú títì, Marvin ò rí etí ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé. Michelle ní ó tó, òun ń mú un lọ sí Aurora. Ní ọjọ́ Sátidé tí wọ́n ń kó lọ, Jìbírílù gbá a mú wọ mọ́tò, ó sì so bẹ́líìtì mọ́ ọn láyà.

“Baba, ó dàbọ̀.”

“O ṣeun, sir,” ni Marvin wí. Kò yí ojú sí ibì kankan.

Michelle dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. “Bá mi di ilé ìdáná nìkan. Màá padà wá kó o lọ́la. Daddy ní kó o mú kẹ́tùlù tó o fi ń ṣe àlùwàlá lọ, ó ní tìẹ ni.”

Mọ́tò lọ. Jìbírílù wọlé padà. Ó di ìkòkò, ó di ṣíbí, ó di àwo. Abẹ́ àwọn àwo ló ti bá fáìlì búlúù náà. Ó ń ṣí i láìjókòó. Ìwé gbogbo tí wọ́n jọ ṣe wà níbẹ̀, stop kìíní, stop kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà lẹ́yìn pátápátá tí kò rí rí, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó ti pẹ́, Marvin ti kọ ọ́ nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kì í gbéra láìní ọ̀nà mìíràn lọ́wọ́. Ohun tó kọ ni pé: *Bí ìjì ò bá jẹ́ kí ferry lọ, bàlúù kékeré wà láti Glasgow sí Islay. Kò tó wákàtí kan.*

Jìbírílù kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀nà tí kò kan ọkọ̀ ojú omi, inú fáìlì ló wà láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni ì bá sọ, bàbá ì bá ṣí ìwé títí kan ẹ̀yìn. Ó fa fóònù yọ, ó wá nọ́ńbà Michelle jáde. Kí ló fẹ́ wí? Ẹni tó ti tú wisikí dànù tán, tí ojú rẹ̀ ti pa dé, kí ni wọ́n ń sọ òtítọ́ fún un fún? Ó ti fóònù bọ àpò.

Ó na ọwọ́ wọ kọ́ńbọ́ọ̀dù tó kù, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ife kékeré náà ní kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún. Marvin ò fọ ọ́ lọ́jọ́ tó tú ìgò dànù. Wisikí tí kò mu ti gbẹ sí ìdí rẹ̀, ó fi òrùka aláwọ̀ oyin sílẹ̀. Jìbírílù dì í mú, ó wo ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di nǹkan. Ó lè di í bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Ó ṣí omi gbígbóná. Bí omi ṣe kan ìdí ife, òórùn náà dìde: èéfín, ẹja, iyọ̀. Ó dúró nínú rẹ̀ títí ó fi lọ. Ó fi ọṣẹ fọ inú, ó fi fọ ìta, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ó dijú, ó fi àtàǹpàkò yí etí ife náà ká. Ibì kan ṣì ń yọ̀ díẹ̀. Ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti omi pa, ó tẹ́ aṣọ funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì dojú ife náà délẹ̀ lórí rẹ̀.