Orúkọ Tí Àyè Ò Gbà

Ìyá mi ti wé gèlè tó fẹ́ wé lọ sí kóòtù, ó jókòó lórí àga onírọ́bà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní àdúgbò Wadata, nílẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé. Ìwé ìbí mi ti jóná, kóòtù ló sì máa fún mi ní òmíràn. Ìyá mi á jẹ́rìí, èmi á sì tẹ àkọsílẹ̀ ìsọmọlórúkọ mi jáde láti fi kún un.

Bàbá mi, ààfáà ọmọ Ìlọrin, ló sọ ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní àdúgbò Zongo lórúkọ, ó sì ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tó kú, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan bá mi tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Èmi ni mo ṣe ètò tó ń bá wa wá wọn jáde. Mo mọ àwọn èèyàn mi: ìyá bàbá á sọ ọmọ lórúkọ, ìyá ìyá náà á sọ ọ́, aládùúgbò tó kàn yà kí wọn á tún sọ tiẹ̀. Mo wá ya àyè tó gba ogún orúkọ sílẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń yangàn pé kò sí ọmọ tí orúkọ rẹ̀ lè kún un.

Mo tẹ orúkọ mi. Ẹ̀rọ fi èdè Faransé dáhùn pé àyè tí mo fi ń gbà á kéré jù.

Èmi tí mo ń jẹ́ orúkọ mẹ́rin péré! Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn. Mo tẹ ti àbúrò mi, ó yọ. Mo tẹ ti ọ̀rẹ́ mi kan ní Bobiel, ó yọ. Tèmi nìkan ló kọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ó dá mi lójú pé ó sùn lọ níbi tó ti ń tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé kò rí ẹ ni?" ni ìyá mi béèrè.

"Ó rí mi, Màámi. Ó ní mo pọ̀ jù."

"Haba! Ṣebí ìwọ nìkan ni mo bí lọ́jọ́ náà."

Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, mo sì mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ. Ìbejì ló bí ṣáájú mi. Ọjọ́ keje ni àwọn méjèèjì kú, ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀: "Orúkọ tí gbogbo ìbejì ń jẹ́ nìkan ni wọ́n mú lọ. Lọ́jọ́ tí mo bá pàdé wọn, kí ni mo fẹ́ pè wọ́n?"

Mo wọ inú ètò náà, mo sọ àyè di ìlọ́po mẹ́rin, mo tún tẹ orúkọ mi. Ó yọ.

Lábẹ́ orúkọ mi mẹ́rin, bàbá mi kọ ọ́ pé: "Lónìí tí a sọ èyí lórúkọ, èmi àti àwọn àgbà wọ yàrá, a sọ àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ lórúkọ pẹ̀lú. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ìyá wọn, ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì jinná." Orúkọ rẹpẹtẹ wá tò sábẹ́ rẹ̀, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, àdúrà sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Inú bí mi sí bàbá mi gan-an. Báwo lèèyàn ṣe ń gbé irú èyí wọ sàréè?

"Màámi," ni mo wí, "wọ́n lórúkọ."

"Àwọn wo?"

Mo na ìka méjì sí i. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àyà. "Kà á," ó ní.

Mo ka àkọ́kọ́, mo ka ìkejì, mo fẹ́ bọ́ sí ìkẹta. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Rọra," ó ní. "Mi ò tíì pè wọ́n rí."