Oorun Ló Gbé E Lọ

Bí mo bá ti gbóòórùn epo ọkọ̀ òfurufú níbi iṣẹ́, ọkàn mi a sáré padà sí pápákọ̀ òfurufú Ìlọrin, lọ́sàn-án ọjọ́ tí èmi àti Màámi lọ pàdé Bàámi tó ń bọ̀ láti Èkó. Wàrà tí Bàámi fẹ́ràn wà nínú abọ́ lọ́wọ́ mi, omi rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀.

Láti ẹ̀yìn wáyà, mo rí i tí ọkọ̀ balẹ̀. Èrò sọ̀ kalẹ̀ tán, n kò rí Bàámi. Obìnrin mẹ́ta kó ìgbálẹ̀ wọlé. Kí n tó ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọ́n ti gbé ọ̀rá dúdú ńláńlá jáde. Ara fu mí. Màámi kì í yára gbá yàrá kan ṣoṣo tá a ní tó bẹ́ẹ̀! Kí ló wà nínú ọ̀rá yẹn? Àwọn èrò mìíràn wọlé, ilẹ̀kùn pa dé, ọkọ̀ gbéra.

"Màámi, Bàámi ńkọ́?"

Wọn ò wojú mi. "Oorun ló gbé e lọ. Ọkọ̀ ti gbé e padà s'Ékòó."

"Ṣé wọn ò yẹ àga wò ni?"

"Máa jẹ wàrà yẹn."

Mo kórìíra àwọn agbálẹ̀ yẹn pẹ́. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Bàámi ò wọ ọkọ̀ náà rárá.

Lónìí, èmi náà ń gbá inú ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n á ní ká ṣe kíá, èrò ń dúró. Síbẹ̀, màá yẹ gbogbo àga wò, títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

"Àǹtí, kí lẹ tún ń wá?" ọmọ tá a jọ ń gbálẹ̀ bi mí.

"Ẹni tí oorun gbé lọ."